Fọ́tò Inú Àpótí Wa

Rélùwéè kékeré láti Zaria dé Bukuru ní 1914 nítorí tánńganran. Òwò àti iṣẹ́ ló gbé àwọn baba wa débí. Díẹ̀ nínú wọn ló kọ ìtàn sílẹ̀. Fọ́tò ni ẹlẹ́rìí wọn.

Ní 1968 ni J.D. 'Okhai Ojeikere, tó ti ṣiṣẹ́ ìjọba n'Íbàdàn rí, bẹ̀rẹ̀ sí ya irun dídì àwọn obìnrin, irú bí onílé gogoro. Ohun ojoojúmọ́ ló sọ di ìtàn. Ó papò dà ní 2014, àwọn àwòrán rẹ̀ wà.

Rògbòdìyàn ọdún 2010 jó ọjà Bukuru. Iná kì í ṣa fọ́tò sọ́tọ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ orúkọ àti ọdún sẹ́yìn èyí tó kù: ìyá ẹlẹ́kọ, ọmọ tó wọ súwẹ́tà nígbà ọyẹ́.