Àwo Kan ní Ìsinbọ̀dé: Ìbéèrè lórí Ẹ̀rí Ọkọ̀ Mendi

Ìbéèrè tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ti ọ̀dọ̀ ìdílé kan ní Ìsinbọ̀dé-Èkìtì wá. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé náà ra àwo tánńganran kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí ó tà á ní inú ọkọ̀ Mendi, tí ó rì nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ni wọ́n ti gbé e jáde. Ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ nínú ilé náà pé bàbá-ńlá wọn kan lọ sí Èkó nígbà ogun ọ̀hún, tí kò sì padà mọ́. Bí àwo ti dé ni wọ́n so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀: atukọ̀ Mendi ni bàbá. Wọ́n ní kí a kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ìtàn ìdílé.

Ohun tí ó dájú nípa ọkọ̀ náà kò kéré. Glasgow ni wọ́n ti kàn án ní 1905 fún British and African Steam Navigation Company, tí ó wà lábẹ́ Elder Dempster. Ọ̀nà Liverpool sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ó sì ń tọ̀. Ní oṣù kìíní 1917, ó kó ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ogun aláwọ̀ dúdú láti Cape Town. Ó yà ní Èkó, níbi tí wọ́n ti gbé àgbá kan kà á nídìí. Ní òwúrọ̀ 21 oṣù kejì, nínú kùrukùru, ọkọ̀ Darro kọ lù ú ní gúúsù erékùṣù Wight. Ọmọ South Africa 616 àti atukọ̀ 30 ni ó kú. Pé Mendi dé Èkó, nígbà náà, kì í ṣe àlá. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà: ìtàn tí ó ṣeé ṣe máa ń tètè di ìtàn tí ó ṣẹlẹ̀.

Àwo ni kí á kọ́kọ́ bi léèrè. Àmì ilé-iṣẹ́ wà lára rẹ̀. Irú àmì bẹ́ẹ̀ lára àwo ni òmùwẹ̀ Martin Woodward fi mọ̀ ní 1974 pé Mendi ni ọkọ̀ tí ó wà nísàlẹ̀ òkun níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ó ti rí àwo tirẹ̀ ni ó sọ ọ́ di ẹ̀rí. Nígbà tí àwo bá ti kúrò níbẹ̀, àmì kò lè sọ ju orúkọ ilé-iṣẹ́ lọ, bẹ́ẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ náà kò ní ọkọ̀ kan ṣoṣo. Elder Dempster tilẹ̀ pàdánù Falaba ní 1915 àti Apapa ní 1917 sọ́wọ́ àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì. Ẹ̀fun tí àwọn ẹ̀dá òkun fi kọ́lé sẹ́yìn àwo fi hàn pé ó ti gbé inú òkun rí. Kò sọ òkun wo, kò sì sọ ọdún wo. Ẹni tí ó bá ní sùúrù lè ju àwo sómi kí ó máa dúró dè é.

Ìwé ni ó kù. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1995 ní kí ẹni tí ó bá gbé ohunkóhun láti inú ọkọ̀ tí ó rì fi tó ìjọba létí láàárín ọjọ́ 28. A béèrè ìwé yẹn. Ìwé ẹ̀rí tí ẹni tí ó tà á fọwọ́ sí fúnra rẹ̀ ni ó fi ránṣẹ́. Láti 2009 ni òfin sì ti dáàbò bo Mendi gẹ́gẹ́ bí ibojì ogun. Bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àwo náà níbẹ̀, olè ni.

Aago Mendi pàápàá, tí ẹnì kan tí kò dárúkọ ara rẹ̀ fi sílẹ̀ fún oníròyìn BBC ní 2017, tí wọ́n sì dá padà fún South Africa ní 2018, ní orúkọ ọkọ̀ lára. Àwo wa kò ní.

Kí á tilẹ̀ gbà pé ojúlówó ni àwo. Kò sọ ẹni tí ó jẹun nínú rẹ̀. Inú àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn atukọ̀ ni a ó ti wá bàbá, iṣẹ́ náà kò sì rọrùn, nítorí pé orúkọ ìnagijẹ tí àwọn òyìnbó fún wọn ni wọ́n fi ń kọ ọ̀pọ̀ atukọ̀ adúláwọ̀ sílẹ̀, pàápàá àwọn Kúrúù. Àìrí orúkọ bàbá kò tíì sọ pé kò sí níbẹ̀.

Ohun tí a kọ sínú ìwé ìdílé ni pé ó lọ sí Èkó nígbà ogun, kò sì padà. Inú àwọn àgbà ilé kò dùn sí i. Àwo náà ṣì wà lára ògiri.