Àgbájọ Ọwọ́ Lórí Àrùn Ẹ̀dọ̀ àti Àrùn Inú

Bí a bá ń kọ ìtàn ìlú, ogun àti oyè ni a sábà máa ń kọ. Àrùn pẹ̀lú ní ìtàn tirẹ̀, ẹni tí kò bá sì mọ ìtàn ọ̀tá rẹ̀ kò lè mọ bí yóò ti bá a jà.

Àwọn baba wa kò fi ọwọ́ lẹ́rán wo àrùn inú. Wọ́n mọ ibà pọ́njú, wọ́n mọ jẹ̀díjẹ̀dí àti ìgbẹ́ ọ̀rìn, wọ́n sì ní àgbo fún wọn. Ṣùgbọ́n inú kò ṣe é là wò. Ẹni tí ikùn rẹ̀ bá wú, tí ara rẹ̀ sì ń gbẹ, a ó ní wọ́n fún un ní májèlé jẹ ni. Ìfura bẹ́ẹ̀ ti tú ọ̀pọ̀ ẹbí ká, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹ̀dọ̀ ni ó ń ṣàìsàn.

Ìtọ́jú ti òde òní kò dé ní ọjọ́ kan. Ní 1895 ni ilé ìwòsàn Sacred Heart bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ní 1907 ni Dókítà George Green ti ìjọ Onítẹ̀bọmi dé Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí a dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1948, ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ lò láti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn. Ní ọjọ́ 20 oṣù November 1957 ni a ṣí ilé ìwòsàn ńlá UCH. Láti ọjọ́ náà ni ìmọ̀ ìṣègùn tí ó jinlẹ̀ ti wà ní ìparí ọ̀nà tí ó gba Fìdítì àti Móníyà kọjá.

Ní 1960 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwé àkọsílẹ̀ àrùn jẹjẹrẹ ní Ìbàdàn. Ìwé náà fi hàn pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ wà lára èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lára àwọn ọkùnrin. Kí ni ó fà á? Ní 1965, Baruch Blumberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kéde ohun kan tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a mọ̀ pé ara kòkòrò àrùn hepatitis B ni. Wọ́n fún Blumberg ní ẹ̀bùn Nobel ní 1976. Ní 1981, ìwádìí Palmer Beasley láàárín àwọn ọkùnrin 22,707 ní Taiwan fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kòkòrò yìí ni ó ń ṣáájú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Oró tí ó wà nínú èébu àgbàdo àti ẹ̀pà náà ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Kí àwa tí a jẹ́ àgbẹ̀ má ṣe gbójú fo èyí.

Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Ẹ wo ẹni tí ikùn rẹ̀ wú: ó lè jẹ́ ẹ̀dọ̀, ó lè jẹ́ ọkàn, kíndìnrín, tàbí ikọ́ ife tí ó wọ inú. Ẹnìkan yóò yẹ omi ikùn náà wò, ẹlòmíràn yóò fi ẹ̀rọ wo ẹ̀dọ̀. Kí oníṣẹ́ abẹ tó mú ọ̀bẹ, ó gbọ́dọ̀ bi dókítà ẹ̀dọ̀ bí ẹ̀jẹ̀ aláìsàn yóò ṣe dì, nítorí ẹ̀dọ̀ ni ó ń pèsè ohun tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Olùtọ́jú oúnjẹ yóò dín iyọ̀ kù. Nọ́ọ̀sì yóò sì pe aya àti ọmọ wá fún àyẹ̀wò. Níbi tí àwọn wọ̀nyí bá ti jókòó pọ̀, aláìsàn a máa rí ìtọ́jú tí ó péye.

Ṣùgbọ́n ààbò sàn ju ìwòsàn lọ. Taiwan bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ọmọ ọwọ́ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ní 1984, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ sì dínkù láàárín àwọn ọmọdé wọn. Gambia bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1986, Nàìjíríà ní 2004. Síbẹ̀, ìwádìí ọdún 2018 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà ní Nàìjíríà, bí 8 ni ó ní kòkòrò náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì mọ̀.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí gbogbo ọmọ tí a bá bí ní Ìlọrà gba abẹ́rẹ́ kí ọjọ́ kan tó pé, kí ó sì parí ìyókù. Ẹ má ṣe jẹ́ kí abẹ kan náà gba orí méjì. Ẹ má ṣe ta aláìsàn nù, nítorí jíjẹun pọ̀ kò lè kó àrùn yìí ràn ènìyàn. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà lẹ́yìn odi, bí ẹ bá ń dáwó fún ẹgbẹ́, ẹ rántí owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ó bá tètè mọ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní àtúnṣe. Kí Ìlọrà má ṣe pàdánù àwọn ọmọ rẹ̀ ní ọ̀sán gangan.