Ewúrẹ́ Mélítà àti Ibà Inú Wàrà

Ẹni tí ó bá ka orí 28 nínú Ìṣe Àwọn Àpósítélì yóò rántí Mélítà, erékùṣù inú Òkun Mẹditaréníà tí ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù ti fọ́. Málítà ni orúkọ rẹ̀ lónìí. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso rẹ̀, ibà kan ń yọ àwọn ọmọ ogun wọn lẹ́nu níbẹ̀. A máa lọ, a sì tún máa padà. Òógùn a máa bo aláìsàn lóru, oríkèé ara a sì máa ro ó fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ní ọdún 1887, David Bruce, oníṣègùn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, kéde pé òun ti rí kòkòrò bíńtín tí ń fa ibà náà nínú ara àwọn tí ó pa. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí kòkòrò náà ń gbà wọ ara kò yé ẹnikẹ́ni. Àwọn kan fura sí eruku, àwọn mìíràn fura sí ẹ̀fọn.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó wà. Ní ọdún 1905, Themistocles Zammit, oníṣègùn ọmọ bíbí Málítà tí ó wà nínú ìgbìmọ̀ tí ń wádìí ibà náà, yẹ ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́ wò, ó sì bá àmì kòkòrò náà níbẹ̀. Kò pẹ́ tí a fi rí kòkòrò náà gan-an nínú wàrà wọn. Ohun ìyanu ni, nítorí pé àwọn ewúrẹ́ náà kò ṣàìsàn. Àwọn kan náà ni à ń dà kiri ìgboro, tí à ń fún wàrà wọn lẹ́nu ọ̀nà oníbàárà.

Ní ọdún 1906, a fi òfin de wàrà ewúrẹ́ fún àwọn ọmọ ogun. Kíá ni ibà náà dínkù láàárín wọn. Ṣùgbọ́n àṣẹ ológun kò de ará ìlú. Ewúrẹ́ ni oúnjẹ tálákà, òun náà ni iṣẹ́ darandaran. Ta ni yóò tètè gbà pé ẹran tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ni ó ń kó ibà ran ọmọ òun? Ibà kò kúrò nílé wọn. Ọdún 1938 ni a tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ooru pa kòkòrò inú wàrà ní ilé-iṣẹ́ níbẹ̀, ọdún 33 lẹ́yìn àwárí Zammit.

Brucella ni à ń pe kòkòrò náà, ní ìrántí Bruce. Kò tíì parẹ́ láyé. Ó wà lára ewúrẹ́, àgùntàn àti màlúù ní ilẹ̀ púpọ̀, Nàìjíríà pẹ̀lú. Wàrà tí iná kò kàn ṣì ni ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà rẹ̀.