Fífọ Wàláà Nínú Ìrántí Kọ̀ǹpútà: Ìgbà Wo Ni Ó Di Àṣedànù?

Ní ọdún 1809 ni Muhammad Bello, ọmọ Usman dan Fodio, tẹ ìlú Sókótó dó, ìlú náà sì di ojúkò ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù. Wàláà onígi ni ohun ìkọ̀wé ọmọ ilé kéwú níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní Ìlọrin àti Ìbàdàn. Tàdáwà ni ọmọ fi ń kọ ẹsẹ sí i. Bí ó bá ti kọ́ ọ sórí tán, yóò fi omi fọ wàláà kí ó tó kọ òmíràn. Bí kò bá fọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ àná yóò dàrú mọ́ ti òní.

Irú ọ̀ràn yìí gan-an ni ó wà nínú ìtàn ìrántí kọ̀ǹpútà. Wàláà àlòtúnlò ni ìrántí náà: bí iṣẹ́ kan bá parí, ohun tí ó kọ kì í parẹ́ fúnra rẹ̀. Fífọ̀ rẹ̀ ni kí a kọ òdo sí gbogbo ojú rẹ̀, èyí sì ń gba àkókò. Nígbà tí Dennis Ritchie ṣe èdè C ní Bell Labs, ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí ọdún 1972, ọwọ́ akọ̀wé ètò ni ó fi púpọ̀ nínú fífọ̀ yìí sí. Nínú ìlànà èdè náà ti ọdún 1989, calloc ń fọ ibi tí ó bá fúnni. Malloc kì í fọ̀ ọ́.

Ibi méjì ni a ti lè yọ fífọ̀ kúrò láìséwu. Èkíní ni ibi tí ẹlòmíràn ti fọ̀ ṣáájú. Linux, tí Linus Torvalds gbé jáde ní ọdún 1991, máa ń fọ ibi ìrántí kí ó tó gbé e fún ètò mìíràn. Nítorí náà, calloc lè gba irú ibi bẹ́ẹ̀ láìtún un fọ̀. Èkejì ni ibi tí ọ̀rọ̀ tuntun yóò ti bo gbogbo ojú wàláà.

Nínú ọ̀rọ̀ “gbogbo” yìí ni ewu wà. Ètò lè kọ ọ̀rọ̀ sí gbogbo ìlà, kí àlàfo kéékèèké àárín ìlà ṣì di ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ẹlòmíràn mú. Irú àṣírí bẹ́ẹ̀ ti tú láti inú Linux lọ́pọ̀ ìgbà. Ìdí nìyí tí Linux 5.3, ti ọdún 2019, fi fún ẹni tí ó bá fẹ́ ní àyè láti máa fọ ìrántí tí Linux ń pín fún iṣẹ́ inú ara rẹ̀, bí iṣẹ́ tilẹ̀ falẹ̀ díẹ̀.

Ẹ̀rí ni ó ń sọ fífọ̀ di àṣedànù, kì í ṣe ìkánjú. Ẹni tí yóò kọ̀wé sórí wàláà láìfọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ẹni tí ó ti fọ̀ ọ́, tàbí kí ó dá a lójú pé ọ̀rọ̀ òun kò ní fi àlàfo kankan sílẹ̀.