Àbá, Ìbò àti Ọ̀pá Àṣẹ: Ìlànà Ilé Aṣòfin Láàrin Àwọn Èkìtì Kwara

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fa ààlà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, Ọ̀sì, Ìlọ́fà àti àwọn ìlú tí ó yí wọn ká, tí wọ́n jẹ́ Èkìtì ní èdè àti ní ìṣe, bọ́ sábẹ́ Ìlọrin ní Àríwá, àwọn Èkìtì yòókù sì wà ní Gúúsù, ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé Kàdúná, olú-ìlú Àríwá, ni a ti wá ń ṣòfin fún wọn, kì í ṣe Ìbàdàn, olú-ìlú Ìwọ̀-Oòrùn. Wọn kò pọ̀ tó láti fi iye borí níbẹ̀, ohun tí ó sì ń gbèjà ẹni tí kò pọ̀ ni ìlànà ilé aṣòfin, ìyẹn ètò tí ó ń sọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, bí a ṣe ń dá àbá, àti ìgbà tí a ń dìbò.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1950, Abubakar Tafawa Balewa, olùkọ́ tí kì í ṣe ọmọ ọba, dìde ní ilé aṣòfin Kàdúná, ó sì dá àbá, èyí tí í ṣe ọ̀rọ̀ tí ọmọ ilé gbé kalẹ̀ kí ilé lè gbà á tàbí kí ó kọ̀ ọ́, pé kí a yan ìgbìmọ̀ tí yóò wádìí ìṣèjọba Native Authority, tí àwọn ará ìlú ń pè ní N.A., nínú èyí tí gbogbo àṣẹ lè wà lọ́wọ́ ọba kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ yìí kan Ọ̀sì àti Ìlọ́fà gbọ̀ngbọ̀n, nítorí abẹ́ N.A. Ìlọrin ni wọ́n wà. Àwọn tí ó ń bá wí pọ̀ nínú ilé náà, síbẹ̀, nígbà tí ó ti dá àbá rẹ̀ bí ìlànà ti là á sílẹ̀, wọ́n ní láti gbọ́ ọ, kí wọ́n sì fèsì. Ilé gba àbá náà, ìwádìí wáyé, nígbà tí Òfin Native Authority sì jáde ní 1954, ọba pẹ̀lú ìgbìmọ̀ ni òfin fi ṣe orísun àṣẹ.

Ìlànà kan náà a máa dun ẹni tí ó ń kánjú. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta 1953, Anthony Enahoro, ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group, dá àbá ní ilé aṣòfin àpapọ̀ ní Èkó pé kí Nàìjíríà gba ìjọba ara rẹ̀ ní 1956. Ahmadu Bello, aṣáájú àwọn ará Àríwá, fẹ́ kí a yọ ọdún náà kúrò, kí a fi ìgbà tí ó bá ṣeé ṣe rọ́pò rẹ̀, Ibrahim Imam, tí òun náà wá láti Àríwá, sì dá àbá pé kí a sún ìjíròrò síwájú, ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Action Group àti NCNC bá fìbínú jáde. Ó dun ọ̀pọ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n inú ìlànà ni gbogbo rẹ̀ wà, ẹni tí ó bá sì pàdánù lónìí lè padà wá dá àbá mìíràn. Ti ilé aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún 1962 kò rí bẹ́ẹ̀: àga ni àwọn ọmọ ilé ń sọ lura wọn, wọ́n sì ṣẹ́ ọ̀pá àṣẹ, tí í ṣe àmì pé ilé jókòó pẹ̀lú agbára òfin, kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ìjọba àpapọ̀ fi kéde ìjọba pàjáwìrì, Dókítà Majekodunmi nìkan ni a sì fi ṣàkóso gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn títí ọdún náà fi parí.

Kwara, tí a dá sílẹ̀ ní 1967, ní ilé aṣòfin tirẹ̀ ní Ìlọrin láti 1979, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ológun tú u ká lẹ́ẹ̀mejì. Nínú ọmọ ilé 24, ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì, níbi tí Ọ̀sì wà, ní ẹyọ kan, ti Òkè-Ẹ̀rọ̀, níbi tí Ìlọ́fà wà, náà ní ẹyọ kan. Ìdá kan nínú mẹ́ta, ìyẹn ènìyàn 8, ni ó gbọ́dọ̀ pé kí iṣẹ́ tó lè tẹ̀síwájú, ọmọ ilé kan ṣoṣo sì lè pe àkíyèsí abẹnugan, tí í ṣe olórí ilé, sí i pé wọn kò pé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ń ka àbádòfin: a kọ́kọ́ pe orúkọ rẹ̀, lẹ́yìn náà a jíròrò kókó rẹ̀, lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ bá sì ti yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́sẹẹsẹ ni a ó tó kà á ní àkàgbẹ̀yìn. Nísàlẹ̀ abẹnugan ni akọ̀wé ilé máa ń jókòó, ẹni tí kì í dìbò, ṣùgbọ́n tí ó ń kọ ohun gbogbo tí ilé pinnu sílẹ̀, tí ó sì ń ta abẹnugan lólobó bí ìlànà bá fẹ́ yẹ̀. Nígbà tí ilé tuntun bá kọ́kọ́ pàdé, tí kò tíì sí abẹnugan, akọ̀wé yìí ni ó ń darí yíyàn rẹ̀. Àwọn ènìyàn báyìí kì í lórúkọ láwùjọ, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ wọn ni ìrántí ilé wà.

Ìlànà náà ni ó ń sọ bí a ṣe ń dí àyè tí ó bá ṣófo. Nígbà tí Funke Adedoyin, tí ó ń ṣojú Èkìtì, Ìsin, Ìrẹ́pọ̀dùn àti Òkè-Ẹ̀rọ̀ ní ilé aṣojú-ṣòfin ní Àbújá, dolóògbé ní oṣù Kẹsàn-án 2018, ilé kò lè fi ẹnikẹ́ni jókòó sí àyè rẹ̀. Àwọn olùdìbò ni wọ́n yan arọ́pò ní ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá ọdún náà. Òfin orílẹ̀-èdè 1999 sì gbà, ní ẹ̀ka 97, pé ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ lè fi èdè tí àwọn ará ìpínlẹ̀ ń sọ kún Gẹ̀ẹ́sì bí ilé bá pinnu bẹ́ẹ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí pé aṣojú Òkè-Ẹ̀rọ̀ lè fi Yorùbá dá àbá ní Ìlọrin, bí ẹnì kan bá ti kọ́kọ́ dìde béèrè rẹ̀, tí ilé sì dìbò sí i.