Ayédèrú Aṣèwé Atúmọ̀-Èdè ní Lọ́ńdọ̀nù Àtijọ́

Nínú èdè Látìn, àfòmọ́ ìparí kan wà, èyíinì -aster, tí wọ́n máa ń so mọ́ orúkọ láti fi hàn pé ohun tí à ń wí jọ ojúlówó ṣùgbọ́n kì í ṣe òun gan-an. Olea ni igi ólífì tí wọ́n ń gbìn, oleaster sì ni ti inú igbó, tí ewé rẹ̀ jọ ti ólífì ṣùgbọ́n tí èso rẹ̀ kéré, tí òróró inú rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba àfòmọ́ náà, poetaster di orúkọ ẹ̀gàn fún akéwì tí kò mọ ewì í ké, Ben Jonson sì fi sọ eré-oníṣe rẹ̀ kan lórúkọ ní 1601. Ó tọ́ kí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ wà fún ayédèrú aṣèwé atúmọ̀-èdè, nítorí pé ẹni tó ṣí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti gbà pé òun kò mọ̀, ohun tó bá sì bá níbẹ̀ ni yóò gbé lọ.

Ní 1656, Thomas Blount, amòfin kan tó jẹ́ ọmọ ìjọ Kátólíìkì, tẹ Glossographia jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, ìwé tó túmọ̀ nǹkan bí 11,000 ọ̀rọ̀ tó ta kókó. Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà ni Edward Phillips, ọmọ ẹ̀gbọ́n akéwì John Milton, gbé The New World of English Words jáde, tó sì kó ọ̀pọ̀ iṣẹ́ Blount síbẹ̀. Ní 1673 ni Blount kọ odidi ìwé kan láti tú àṣìṣe Phillips síta. Ẹ wo àpẹẹrẹ kan: nínú orin òyìnbó, quaver ni àmì ohùn tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ìdajì ti crotchet. Phillips kọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì dánu dúró tó fi tún kọ ọ́ pé crotchet jẹ́ ìdajì quaver, Blount sì fèsì pé ìyẹn dà bí ìgbà tí èjì jẹ́ ìdajì ẹẹ́rin, tí ẹẹ́rin sì tún jẹ́ ìdajì èjì.

Àdàkọ nìkan kọ́ ni ẹ̀sùn náà, nítorí pé Blount fúnra rẹ̀ mú ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ láti inú ìwé atúmọ̀ Látìn tí àwọn mìíràn ti ṣe ṣáájú. Ẹ̀sùn náà ni pé ẹni tí kò lóye ohun tó ń dà kọ kò lè dá àṣìṣe mọ̀. Síbẹ̀, nígbà tí John Kersey tún ìwé Phillips ṣe ní 1706, tó sọ ọ́ di nǹkan bí 38,000 ọ̀rọ̀, orúkọ Phillips ni wọ́n ṣì kọ síwájú rẹ̀.