Ẹyọ owó mẹ́fà: bí àwọn oníṣòwò wa ṣe ń di ojúlùmọ̀ mú kí fóònù tó dé

 

Oṣù tó kọjá ni mo ń tú àpò ìwé mi, ni mo bá rí káàdì mẹ́rìnlá nínú rẹ̀. Ibi ìpàdé àwọn oníṣòwò kan ní Kútọnù ni mo ti gbà wọ́n, ó sì ti lé lọ́dún kan. A jọ jẹun níbẹ̀, a jọ rẹ́rìn-ín, oníkálùkù ní "a óò máa gbúròó ara wa". N kò pe ẹyọ ẹnì kan. Ká sọ òótọ́, ẹnì kan nínú wọn náà kò pè mí. Ojú tì mí, nítorí mo mọ ohun tí àwọn baba ńlá wa máa ń ṣe bí wọ́n bá pàdé ẹni tuntun lójú ọ̀nà ọjà. Ìyẹn ni mo fẹ́ sọ lónìí.

Láyé ijọ́sí, kò sí oníṣòwò tó ń dá rìn lọ ọjà òkèèrè. Ẹgbẹ́ èrò ni wọ́n ń bá lọ. Bí wọ́n bá dé ìlú onílùú, ọ̀dọ̀ onílé ni wọ́n ń wọ̀ sí. Onílé yìí kì í ṣe ẹni tó kàn fún èèyàn ní ẹní sùn. Òun ló ń tọ́jú ẹrù, òun ló mọ ẹni tó ń ra obì àti ẹni tó ń ta iyọ̀, òun náà ló máa dúró fún àlejò rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá di ti ààfin. Àlejò tí kò ní onílé, ẹran ọdẹ ni. Nítorí náà, ìgbà tí oníṣòwò bá padà délé gan-an ni iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀: báwo ni onílé tó wà ní ìrìn ọjọ́ mẹ́rin sí i kò ṣe ní gbàgbé rẹ̀ kí ọjà mìíràn tó pé?

Àrokò ni ìdáhùn. A máa ń sọ̀rọ̀ àrokò bíi pé ti ọba àti ti ogun nìkan ni. Òótọ́ ni pé púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún wa jẹ́ ti ìjòyè. Charles Andrew Gollmer, òyìnbó ajíhìnrere tó dé Àgbádárìgì ní 1845, kọ nípa rẹ̀, ìwé náà sì jáde ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 1885. John Augustus Otunba Payne, ọmọ Ìjẹ̀bú tó jẹ́ akọ̀wé àgbà ilé ẹjọ́ l'Ékòó, náà ṣàlàyé púpọ̀ nínú àrokò Ìjẹ̀bú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti rí igbá ẹrù lẹ́bàá ọ̀nà oko rí, tí olówó rẹ̀ kò sí níbẹ̀, tí òkúta wẹ́wẹ́ mélòó kan sì dúró fún iye owó rẹ̀, mọ̀ pé àrokò wà lọ́wọ́ oníṣòwò pẹ̀lú.

Ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Ẹyọ owó mẹ́fà ni a so mọ́ okùn. Mẹ́fà ni ẹ̀fà, ẹ̀fà sì ni "fà": ọkàn mi fà sí ọ. Bó bá jẹ́ mẹ́jọ, ẹ̀jọ nìyẹn, "jọ" ló wà níbẹ̀: ọ̀rọ̀ wa jọra, ohun tí o wí ni èmi náà wí. Ẹyọ méjì tó kọjú síra, ìbátan ni, ó fẹ́ kí ẹ fojú kanra. Méjì tó kẹ̀yìn síra, ìjà ti dé. Ẹni tí kò gbọ́ èdè wa kò lè ka ìwé yìí, bí ó tilẹ̀ rí i lójú kòrókòró, nítorí inú orúkọ iye owó náà ni ọ̀rọ̀ wà.

Ohun tí mo máa ń rò nípa ẹyọ mẹ́fà yẹn nìyí: kò tọrọ nǹkan kan. Kò ní "bá mi wá oníbàárà", kò ní "owó mi dà?" Àwa lónìí, bí fóònù wa bá dún tí orúkọ ẹni tó ti pẹ́ bá yọ, kó tó sọ "ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta" tán, a ti mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ń bọ̀.

Ti owó ní ọ̀nà tirẹ̀. Ẹni tó gbàwìn tí kò san, wọ́n á dógò tì í. Ológò á wá jókòó sílé onígbèsè, á máa pariwo, á máa bú u, á mú adìẹ tó bá wù ú pa jẹ, kò sì ní lọ títí wọ́n fi sanwó. Samuel Johnson kọ èyí sínú ìwé ìtàn rẹ̀. Àwọn tó ń yá owó lórí fóònù lónìí rò pé àwọn ló kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń dójú ti onígbèsè!

Ní etí òkun, ìwé kíkọ ló gba ipò àrokò. Pierre Verger, ẹni tí a mọ̀ sí Fátúmbí, rí lẹ́tà tó lé ní ọgọ́rùn-ún tí oníṣòwò Àgùdà kan ní Ouidah, José Francisco dos Santos, kọ láàárín 1844 sí 1871. Aránṣọ ni ọkùnrin yìí tẹ́lẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bá a ṣòwò ní Bàhíà ni púpọ̀ nínú wọn ń lọ. Bí a bá ń yin ẹni tó mọ ojúlùmọ̀ í dì mú, òun náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí: kì í ṣe epo pupa nìkan ló ń tà, ó ń ta èèyàn. Ìfinúhàn àti ìdúróṣinṣin láàárín oníṣòwò méjì, tí a fi ń kó ọmọ ọlọ́mọ kọjá òkun.

Ní àkókò kan náà, ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú náà ń ránṣẹ́. Ní 1851, nígbà tí ogun Dàhómì kọlu Abẹ́òkúta, wọ́n mú Ẹ̀gbá kan, John Baptist Dasalu, lọ. Láti inú ìgbèkùn, ó fi àrokò ránṣẹ́ sí Martha ìyàwó rẹ̀: òkúta, èédú, ata, àgbàdo gbígbẹ, àkísà. Ara mi ṣì le bí òkúta. Ọjọ́ iwájú mi ṣókùnkùn bí èédú. Ọkàn mi ń gbóná bí ata. Mo ti gbẹ bí àgbàdo. Aṣọ mi ti di àkísà. Àrokò náà dé ọwọ́ obìnrin náà. Wọ́n tà á sí Kúbà lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn rẹ̀ kò dákẹ́, wọ́n ń wá a títí wọ́n fi rí i, ó sì bọ́.

Àwa ará Kétu mọ ohun tí ó jẹ́ kí okùn já. Ní 1886 Dàhómì fọ́ ìlú wa, wọ́n kó àwọn èèyàn lọ sí Abomey. Nígbà tí Faransé ṣẹ́gun Béhanzin tí àwọn tó kù sì padà wálé, ààlà ti wà níbẹ̀: ní 1889 ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ti pín wa. Ìmẹ̀kọ bọ́ sí apá kan, Kétu bọ́ sí èkejì. Onílé tó ti wà ní ìrìn ọjọ́ kan di ará ilẹ̀ òkèèrè, owó yàtọ̀, èdè ìjọba yàtọ̀. Síbẹ̀ wọ́n ń wá ara wọn lọ, wọ́n ń gbé ọmọ fún ara wọn, wọ́n ń gba ọ̀nà inú igbó tí kọ́sítọ́ọ̀mù kò mọ̀.

Lánàá, mo mú àkọ́kọ́ nínú káàdì mẹ́rìnlá yẹn, mo pè é. Ìyá kan tó ń ṣe gàrí ní Ṣábẹ̀ẹ́ ni. Mo sọ orúkọ mi, mo ní kí n kí wọn ni. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

"Ọmọ mi, ṣé kò sí? Ta ló kú?"

Mo ní ẹnikẹ́ni kò kú, Ìyá, mo kàn ní kí n gbọ́ ohùn yín. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí òjò ṣe ṣe sí ẹ̀gẹ́ wọn lọ́dún yìí. Ó ku mẹ́tàlá.